Orúnkún Ọ̀kẹ́rẹ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá Fèrè fi tọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí. Bí ọmọ kan ò bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, á wò ó lójú, á ní, "Ìwọ, lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, má fi ọjọ́ orí rẹ ṣòfò síbí." Bí ìyá ọmọ bá tìtorí ẹ̀ wá sunkún, á fún un ní ìjókòó, á bu omi tútù fún un mu, á sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Wọ́n ń bínú sí i, wọ́n sì ń gbà á gbọ́. Ìwé tó bá ti kọ, ẹnikẹ́ni kì í tún un yẹ̀ wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní òpùrọ́ paraku ni bàbá yìí ni, ayé ìbá sàn fún ọmọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì ni ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí kò tíì tó bá àwọn àgbà gbá bọ́ọ̀lù sí, pẹ̀lú àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn tí wọ́n ń wá ọ̀nà padà. Pápá wọn wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù Alága. Alága yìí ló ni búlọ́ọ̀kù, òun náà ló ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù bá ń ṣiṣẹ́, eruku sìmẹ́ńtì á bo koríko, àwọn ọmọ á máa húkọ́ bí arúgbó, aṣọ pupa àti aṣọ funfun á di àwọ̀ kan náà. Bàbá Fèrè kì í kígbe lórí pápá. Fèrè irin kan ló wà lọ́rùn rẹ̀, okùn bàtà ló fi so ó kọ́. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sáré.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà tí Bàbá Fèrè kọ́kọ́ rí i lórí igi ẹ̀yìn gólì, tó ń yọ bọ́ọ̀lù tó há sáàárín ẹ̀ka. Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, òun náà bẹ́ tẹ̀lé e, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ó ti fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọ àwọ̀n. Ọjọ́ náà ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lórí. Ìyá rẹ̀, aránṣọ kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, fà á wá lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀.

"Bàbá, mo fà á lé yín lọ́wọ́," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó bí ọmọ yín."

Bàbá Fèrè ò bímọ. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàdínlógún, Ẹgbẹ́ Ńlá rí i. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pe ẹgbẹ́ náà nìyẹn, torí pápá wọn ní iná, bọ́ọ̀sì wọn sì ní tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò rà á tán. Ìdajì ni wọ́n rà.

"Ìdajì ọmọ mi?" ni ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ bi Bàbá Fèrè. "Apá ibo ni tiwọn? Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa fẹ́," ni bàbá náà dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Bí àdéhùn náà ṣe lọ nìyí. Ọdún méjì ni Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò fi wà níbi tó wà, kó máa gbá fún ẹgbẹ́ kejì, kó máa dàgbà. Lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, Bàbá Fèrè á kọ ìjábọ̀ lórí rẹ̀: bó ṣe sáré, bó ṣe sùn, ibi tó ń dùn ún. Ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Ńlá, ẹ̀dà kejì á lọ sórí tábìlì Alága. Bí ọdún méjì bá pé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ iye tó lè san sórí ìwé, á fi sínú àpò ìwé, á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á sì jọ tú u lójú ara wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló lọ́mọ lódindi. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó ní bí àpò méjèèjì bá ṣófo, kí ọmọ máa lọ síbi tó wù ú. Ẹnikẹ́ni ò ka ìlà yẹn sí. Ta ló ń ra ìdajì nǹkan kó tún wá sọ ọ́ nù?

Ohun tó ń jẹ Bàbá Fèrè lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ Ìgbálẹ̀. Aṣọ́lé tó ń dúró lẹ́nu gólì ni Ìgbálẹ̀, ọwọ́ Bàbá Fèrè ló ti jáde, Ẹgbẹ́ Ńlá sì rà á lódindi lọ́jọ́ sí. Wọn ò fi í ṣọ́lé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ńṣe ni wọ́n yá a fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ yẹn lò ó fún oṣù mẹ́rin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún yá a fún òmíràn, bí ìgbà tí èèyàn ń yá àkàbà fún aládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Níbi tó kẹ́yìn, kò gbọ́ èdè wọn, orí tábìlì tí wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń sùn. Ní báyìí, géètì ilé epo ló ń ṣọ́, lójú ọ̀nà tí Bàbá Fèrè ń gbà lọ síbi iṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," á dìde, á la ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù. Á béèrè Ọ̀kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà á rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mú un o, Bàbá." Bàbá Fèrè kì í lè wò ó lójú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ọdún méjì pé, Bàbá Fèrè jókòó sínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bọ́ọ̀lù sí, ó fa ìwé ìjábọ̀ jáde, ó sì kọ irọ́ àkọ́kọ́ tó kọ láyé rẹ̀: "Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀." Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ó fẹ́ fà á ya. Ó rántí ilé epo, kò fà á ya mọ́.

Èrò rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ẹgbẹ́ Ńlá á ka ìwé, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á kọ owó táṣẹ́rẹ́. Alága kì í kàwé ní tirẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Bàbá Fèrè ti ń gbé ìjábọ̀ lọ sórí tábìlì rẹ̀. Ibi tó bá gbé e sí lọ́sẹ̀ yìí náà ló máa bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmì ìdí ife tíì á sì ti wà lórí rẹ̀. Ohun tí Alága mọ̀ ni pé ọmọ náà dáa, torí àwọn òṣìṣẹ́ búlọ́ọ̀kù máa ń wòran láti orí ògiri, wọ́n á sì wá ròyìn fún un. Alága á kọ iye tí agbára rẹ̀ gbé, á borí, ọmọ á dúró sílé. Kí ló dé tí kò kúkú fi ọ̀rọ̀ náà tó Alága létí? Ẹnu Alága ò ní ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ bá sọ fún un láàárọ̀, awakọ̀ tó wá kó búlọ́ọ̀kù á ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán.

Ó wá ń kọ ọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta: "Ó wú lẹ́yìn ìdánrawò." Lọ́sẹ̀ karùn-ún: "Kò lè dá ara dúró lé e pẹ́." Lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá mẹ́ta wọlé, inú rẹ̀ dùn débi tó fi gun igi ẹ̀yìn gólì lọ juwọ́ sí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Fèrè kọ ọ́ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní pẹ́ já." Kò tún wo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Irọ́ náà, bí iṣẹ́ ni, a máa mọ́ èèyàn lára.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú àpò, ó gbéra láàárọ̀ kùtù kó lè bá Alága nìkan, kó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣahun. Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí ìyá rẹ̀ rán. Ó kí wọn, ó wọlé. Aṣojú Ẹgbẹ́ Ńlá ti jókòó, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ ń dán, tó fi áńkáṣíìfù sórí àga kó tó jókòó lé e. Àpò ìwé méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pa. Ìjábọ̀ mẹ́jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pínnì kan ló so wọ́n pọ̀. Bàbá Fèrè rí àmì ife tíì lórí wọn. Ó tún rí i pé ẹnì kan ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó ti kọ "orúnkún".

Alága fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ń ké nísàlẹ̀, Aṣojú ò lè gbọ́ wọn.

"Bàbá, Ọlọ́run á san án fún yín," ni Alága sọ sí i létí. "Ìyàwó mi ló ní kí n kàwé kí n tó náwó. Hẹn! Mo bá orúnkún níbẹ̀. Àwọn yìí ní kí n sanwó fọ́tò egungun, mo ní kí àwọn náà san án. Wọ́n ní ìdajì ni tàwọn. Mo ní ìdajì ni tèmi náà. Àbí wọ́n ń ya fọ́tò ìdajì orúnkún ni?" Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n níkùn.

"Alága, kí lẹ kọ?"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí i. Ẹ̀yin lẹ gbà mí."

Ó yé Bàbá Fèrè pé Alága ò ní ra ọmọ náà mọ́. Àyè ṣì wà, wọn ò tíì ya àpò. Gbólóhùn kan péré ni: irọ́ ni mo pa, orúnkún ọmọ yìí le koko. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á tún owó kọ, Ẹgbẹ́ Ńlá á gbé ọmọ lọ, òun á sì di òpùrọ́ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, wọ́n á gba fèrè lọ́rùn rẹ̀. Ó wo àpò Ẹgbẹ́ Ńlá. Ó nípọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn yẹn lówó, bó ti wù kó kéré tó, wọ́n á ti kọ nǹkan. Bí wọ́n bá mú ọmọ náà, wọ́n mú un, kí Ọlọ́run tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú ọ́fíìsì yìí o, ojú rẹ̀ là kedere, ó sì pa ẹnu mọ́.

Aṣojú ló kọ́kọ́ ya ti Alága. Ó fa ìwé jáde. Ìlà gbọọrọ kan ni wọ́n fà síbi tó yẹ kí owó wà. Alága ya ti Ẹgbẹ́ Ńlá. Ìwé náà nípọn lóòótọ́, àmì ẹgbẹ́ wà lókè rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nísàlẹ̀.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀yin náà?" ni Aṣojú béèrè.

"Èmi náà!" Alága fọwọ́ gbá tábìlì. "Mo ti rò pé ẹ máa kó sí i!"

"Àwa la rò pé ẹ̀yin lẹ máa kó sí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Alága. Inú wọn dùn, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Ọkùnrin méjì ni wọ́n tí wọ́n rò pé àwọn fò kòtò kan náà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n buwọ́ lu ìwé ìtúsílẹ̀ kí ẹ̀rín tó tán lẹ́nu wọn.

"Irọ́ ni mo kọ," ni Bàbá Fèrè wí.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó tún un sọ. Ó ní kò sóhun tó ṣe orúnkún ọmọ náà, òun ò fẹ́ kí wọ́n mú un lọ ni, kí wọ́n gbé e lọ ya fọ́tò kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i.

Aṣojú dìde, ó fọwọ́ lé e léjìká. "Bàbá, a mọ̀ pé ó dùn yín. Ìfẹ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin tí a mọ̀ yìí náà ni? Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lójúkojú pé kó lọ máa ta bàtà? Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kẹ́ ẹ máa kọ irọ́. Ti òní yìí gan-an ni irọ́."

"Ẹ ya fọ́tò ẹ̀!"

"Ta ló máa sanwó ẹ̀?" ni Alága bi í, kò fi ìkà bi í. "Kì í ṣe tèmi mọ́, kì í ṣe tiwọn."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dìde kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán. "Bàbá, ta ló mú un?"

"Wọ́n tú u sílẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ó ti di ti ara ẹ̀? Kò sí ìdajì mọ́?" Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ kí Bàbá Fèrè lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn rí àìdáa rẹ̀. Bàbá Fèrè gbé e dìde. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ fún wọn. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n máa lọ sílé.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ láàárín oṣù mẹ́rin. Níbi gbogbo, wọ́n ní kó sáré, ó sáré, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan á wá gbé ìwé jáde láti ọ́fíìsì, torí ìjábọ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kó dá lọ síbì kankan, wọ́n á sì ní kó máa rọra lọ sílé. Bàbá Fèrè yọ́ lọ sọ́dọ̀ kóòṣì ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní òun lòun purọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. "Bàbá, bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ohun témi náà máa sọ nìyẹn," ló dáhùn. Ó ní bí irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, á sáré bí ẹṣin títí di ọjọ́ tó máa já.

Nígbà tó yá, Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ru búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ Alága. Alága, èèyàn dáadáa, pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ru ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí orúnkún rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi orí ògiri wò ó tẹ́lẹ̀ ń bá a gbé ìyókù. "Rọra tẹ ilẹ̀," wọ́n á wí fún un. Bó bá sáré díẹ̀, wọ́n á pariwo lé e lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ti lọ wẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ pápá wá. Ó jókòó ti Bàbá Fèrè lórí bẹ́ǹṣì, eruku sìmẹ́ńtì bo irun rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì sókè, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Bàbá," ló ní, "orúnkún wo ni?"

Bàbá Fèrè wo orúnkún méjèèjì. Àpá kékeré kan wà lára ti ọ̀tún, ibi tí igi ti ha á lọ́mọdé. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé nínú gbogbo ìjábọ̀ mẹ́jọ, òun ò kọ èwo ni nínú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó bi òun.

"Kò sí ìkankan," ló wí. "Ọmọ mi, gbọ́. Mo purọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di Ìgbálẹ̀, ni mo bá kọ irọ́ lé ọ lórí. Èmi ni mo ṣe ọ́ báyìí. Kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ." Ó ti ń sunkún, kò sì nu ojú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó pẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí àwọn ọmọ ń rín nígbà tí àgbàlagbà bá ń tàn wọ́n kí wọ́n lè lo oògùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ ò purọ́ fún mi rí, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n pa," ló ní. "Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ dẹ́rù bà mí lẹ ò ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn. Inú ò bí mi. Èmi náà ti ń fura pé òsì ni. Láti ìjẹta ló ti ń ro mí."

Ó yọ bándéèjì jáde lápò, bándéèjì tuntun tí wọn ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀. Ó wé e mọ́ orúnkún òsì, yípo yípo, dáadáa, bí Bàbá Fèrè ṣe kọ́ gbogbo wọn láti máa wé e. Ó sọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó sì gba àárín pápá padà síbi iṣẹ́, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì.

Bàbá Fèrè fi fèrè sẹ́nu. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró. Ó yíjú padà, ó fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ kí bàbá náà lè rí i lókèèrè, ó mi orí, ó sì ń rọra rìn lọ.